Adésọjí Wá Ìpìlẹ̀ Ìjà Dé Ìṣẹ́

Ní Ìkẹ́rẹ́, tí o bá béèrè Adésọjí wẹ́dà, ọmọdé á mú ọ dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Tí o bá béèrè Adésọjí tó gboyè nínú ìmọ̀ ọrọ̀-ajé, wọ́n á ní kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ládùúgbò. Ẹnì kan náà ni. Ìwé ẹ̀rí wà lábẹ́ ibùsùn, irin wà níta, irin ló sì ń bọ́ ọ. Kò sí ohun ìyanu níbẹ̀. Bí orílẹ̀-èdè yìí ṣe ń ṣe àwọn tó kàwé nìyẹn, àwọn tó ń ṣe é sì ń sùn dáadáa.

Ohun tó mú un yàtọ̀ sí àwọn wẹ́dà yòókù ni pé kì í lè rí nǹkan kó má tú u wò. Bí wọ́n bá gbé géètì tó dá sí méjì wá, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á jó o pọ̀, ó parí. Adésọjí á kọ́kọ́ jókòó tì í, á máa fi ìka tọ ojú ibi tó ti ya, á máa wá ibi tí irin náà ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ya.

"Nǹkan kì í ṣàdéédé ṣẹ́," ni ó máa ń wí. "Ibì kan ló ti kọ́kọ́ ya."

Àwọn oníbàárà kì í fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí. Géètì ni wọ́n gbé wá, wọn ò wá gba ẹ̀kọ́.

Irú ìwádìí yìí náà ló mú un dé ọ̀dọ̀ Kọ́ládé. Kọ́ládé lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì padà. Ohun tó ṣe níbẹ̀, bó ṣe ń sọ ọ́ lónìí kọ́ ló máa sọ ọ́ lọ́la. Ohun tó kó bọ̀ ni máàtì, àwọn àpò tí wọ́n ń kàn lẹ́ṣẹ̀ẹ́, àti ohùn kan tí kì í ṣe ti Ìkẹ́rẹ́ tí kì í sì í ṣe ti Lọ́ńdọ̀nù. Ó gba ilé adìẹ kan tí ẹni tó ni ín ti pa tì, ó tẹ́ máàtì sínú rẹ̀, ó pè é ní jíìmù. Tí òjò bá rọ̀, òórùn adìẹ á tún jí dìde nínú ilé náà, bí ẹni pé àwọn adìẹ náà fẹ́ padà wá gba ilé wọn.

Ìjà tí gbogbo ayé ń wò lórí fóònù ni Kọ́ládé ń kọ́ wọn, èyí tí wọ́n da ẹ̀ṣẹ́, ìpá, ìjàkadì àti fífún-ni-lọ́rùn pọ̀ mọ́ra. Àwọn ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ń pè é ní ìjà àdàlù. Kọ́ládé fúnra rẹ̀ gba orúkọ náà wọlé.

"Ẹ gbọ́," ó ní lọ́jọ́ kan tí gbogbo wọ́n jókòó yí i ká. "Ẹni tó bá fẹ́ se àdàlù, ẹ̀wà ló kọ́kọ́ ń gbé kaná. Àgbàdo, epo, ata, ẹ̀yìn ni wọ́n ń wọlé. Ẹni tí kò ní ẹ̀wà, omi ló ń sè. Kí olúkúlùkù lọ wá ìjà kan tí yóò jẹ́ ìpìlẹ̀ fún un. Àwọn kan l'Ékòó ní kí n mú ẹnì kan wá sí àgọ́ wọn, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó ń fi ìjà jẹun, kí òjò tó rọlẹ̀ dáadáa. Ẹnì kan ṣoṣo. Mi ò ní mú ẹni tó ń se omi lọ."

Adésọjí fẹ́ àyè náà. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni bí ó ṣe fẹ́ ẹ tó. Iná wẹ́dà ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú ojú rẹ̀; láàárọ̀, tó bá jí, ó máa ń rí àmì dúdú kan láàárín ohunkóhun tó bá ń wò. Ó ti rí àwọn ọ̀gá wẹ́dà tí ọmọ wọn ń fà lọ́wọ́ kọjá títì. Ó fẹ́ kúrò nídìí iná náà kí iná náà tó gba ojú lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í yan ìjà bí ẹni tó ń yan irin. Ó kọ́kọ́ lọ bá tíṣà kan tó ń kọ́ni ní kàrátè lẹ́yìn ilé-ìwé. Wọ́n tò ní ìlà, wọ́n ń ké, wọ́n ń ta afẹ́fẹ́ nípàá. Adésọjí béèrè pé, "Sà, tí ẹni tó dojú kọ mí ò bá dúró sójú kan ńkọ́?" Tíṣà ní kó lọ kúnlẹ̀ síbi ògiri. Ó kúnlẹ̀, ó rò ó, ó dìde, ó lọ sílé.

Ó dán ìjà ẹ̀ṣẹ́ wò pẹ̀lú Timothy, ọlọ́kadà kan tó jẹ́ pé ẹ̀ṣẹ́ ni ìpìlẹ̀ tirẹ̀, tí òun náà sì ń wá àyè Èkó. Timothy fẹ́ràn àwàdà, ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í ṣàwàdà. Ó fi ẹ̀ṣẹ́ òsì lu Adésọjí nímú títí ẹ̀jẹ̀ fi kán sórí máàtì.

"Wẹ́dà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa jó imú yín pọ̀," ni Timothy wí, ó sì na ìgò omi sí i.

Nígbà tí imú náà san, Adésọjí lọ jókòó sí gáréèjì, ó ń wo àwọn tó ń jà lórí èrò. Kò sí ọjọ́ tí wọn kì í jà. Ó ṣàkíyèsí pé àwọn tó ń jà á kọ́kọ́ ju ẹ̀ṣẹ́, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kò sì ní ba ẹnì kankan. Lẹ́yìn náà wọ́n á dìmọ́ra. Lẹ́yìn náà wọ́n á ṣubú. Kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, ohun tó yẹ kéèyàn béèrè ni pé: ta ni yóò ṣubú sábẹ́?

Ìjàkadì nìyẹn. Ó rò ó, inú sì bí i sí ara rẹ̀ pé kò tètè rò ó. Ìran wa kún fún orin ìjàkadì. Nínú oríkì, akọni kan kì í ṣàì dá akọni kan. Ṣùgbọ́n tí o bá ń wá ẹni tí yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ hàn ọ́ bí wọ́n ṣe ń dá ènìyàn, wọ́n á ní kí o dúró de ọjọ́ ọdún. Lọ́jọ́ ọdún, àwọn ọ̀mùtí méjì á gbá ara wọn mú fún ẹni tó ń ya fídíò. Àwa ni a ni ìjà náà, a kàn gbàgbé ibi tí a gbé e sí ni.

Ọ̀rọ̀ kan tí bàbá rẹ̀ tó ti kú máa ń sọ ló wá sí i lọ́kàn. Bàbá náà máa ń ní kò sí ọmọ kan lábà tí òun kò dá rí, àfi ẹ̀gbọ́n òun obìnrin. Mojírádé ni orúkọ ẹ̀gbọ́n náà. Màmá Ìṣẹ́ ni gbogbo ẹbí ń pè é, nítorí pé oko kòkó tó wà lẹ́yìn ìlú Ìṣẹ́ ló ń gbé. Adésọjí wọ bọ́ọ̀sì dé Ìṣẹ́, ó gun ọ̀kadà dé abà. Màmá wà níbi tí wọ́n ń sá kòkó sí, ó ń fi ẹsẹ̀ yí i padà.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Màmá. Adésọjí."

"Adésọjí wo? Èyí tó ní òun ń padà bọ̀ lọ́sẹ̀ kejì, nígbà tí a sin bàbá rẹ̀?"

Adésọjí dọ̀bálẹ̀. Ó ti lé lọ́dún mẹ́rin tí wọ́n ti sin bàbá náà. Kì í ṣe pé ọ̀nà jìn. Kò kàn nílò Màmá ni.

"Dìde. Ẹni tó bá pẹ́ lórí ulẹ̀, èèrà á fi í ṣe ulé. Kí lo wá gbà?"

"Ìjàkadì ni mo wá kọ́, Màmá."

Obìnrin náà wò ó láti ọrùn ẹsẹ̀ dé orí. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, èjìká rẹ̀ sì gbòòrò ju ti Adésọjí lọ.

"O ti gbéyàwó?"

"Rárá, Màmá."

"Ìjọba ti fún ọ níṣẹ́?"

"Rárá, Màmá. Wẹ́dà ni mò ń ṣe."

"Áà. Ìjàkadì ló wá kù."

Síbẹ̀ ó tú gèlè rẹ̀, ó fi gba àyà. Ṣòkòtò ọkọ rẹ̀ tó ti kú ló wọ̀ sábẹ́ ìró. Ó mú Adésọjí lọ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí kòkó wà, níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀. Adésọjí ṣì ń rò ó bí òun yóò ṣe rọra mú àgbàlagbà tí kò fi ní fara pa, nígbà tó rí i pé ojú ọ̀run ni òun ń wò.

"Níbo ni mo ti kọ́kọ́ ya?" ló béèrè látorí ilẹ̀.

Màmá kò gbọ́ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Ó rò ó wò. "Gìgísẹ̀ ọ̀tún. O ti gbé e sókè kí o tó mọ̀ pé o gbé e. Ẹ̀rù ló gbé e."

Nígbà tí Adésọjí jókòó, ó lọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ́lẹwọ́ gbọn iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, láti ọrùn dé ìbàdí.

"Ẹ fi í sílẹ̀, Màmá. Màá ṣì tún ṣubú."

"Ta ló ń ṣe é nítorí tìẹ? Ẹ̀yìn kan ulẹ̀, ùjà parí. Ẹni tó dá ènìyàn ló ń gbọn ẹ̀yìn ẹni tó ṣubú. Tí o ò bá gbọ̀n ọ́n, ùjà ò tíì parí. Ùjà tí ò parí á sì tẹ̀lé ọ dé ulé."

Láti ọjọ́ náà, gbogbo ọjọ́ Àìkú ni Adésọjí ń lọ sí Ìṣẹ́. Màmá kọ́ ọ pé kó má wo ojú ènìyàn, kó wo ìbàdí, nítorí pé ojú ń purọ́. Ó kọ́ ọ pé kó má fa ẹni tó ń fà, kó bá a lọ síbi tó ń lọ, kó sì dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Àwọn ìgbà kan wà tí Màmá fúnra rẹ̀ kò mọ bí òun ṣe ṣe ohun tí òun ṣe. Wọ́n á wá tún un ṣe, wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á máa wo ẹsẹ̀ ara wọn bí ẹni tó sọ owó ẹyọ nù.

Ọjọ́ tí Adésọjí kọ́kọ́ dá a, ó fò sókè, ó ń jó. Obìnrin náà jókòó sílẹ̀, kò dìde.

"Ẹ̀yìn mi ńkọ́?"

Adésọjí sáré kúnlẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n. Màmá mú kó tún un ṣe títí tó fi jẹ́ pé bó bá ti dá ènìyàn, ọwọ́ rẹ̀ á ti máa wá ẹ̀yìn onítọ̀hún kí ọkàn rẹ̀ tó sọ fún un.

Ni Kọ́ládé bá ní kí wọ́n wá sọ ìpìlẹ̀ wọn. Adésọjí sọ tirẹ̀.

"Ìjàkadì?" ni Timothy wí. "Ṣé kí n lọ pe onífídíò, àbí ká dúró de ọjọ́ ọdún?"

Kọ́ládé ní kí àwọn méjèèjì dán ara wọn wò. Timothy ju ẹ̀ṣẹ́ òsì, Adésọjí wọlé sábẹ́ rẹ̀, ó bá a lọ síbi tó ń lọ. Timothy, tí kò sẹ́ni tó dá a rí nínú jíìmù yẹn, fi gbogbo ẹ̀yìn nàlẹ̀. Adésọjí sì fi í sílẹ̀. Ó fi í sílẹ̀ bí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ti parí, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn láti iwájú, ó na ọwọ́ kọjá èjìká rẹ̀ láti gbọn ẹ̀yìn rẹ̀. Timothy di ọrùn rẹ̀ mú, ó gbá a mọ́ abíyá, ó fún un. Adésọjí fi ọwọ́ gbá máàtì pé òun ti gbà.

Ẹ̀rín ọjọ́ náà, àwọn adìẹ tó ti kú á gbọ́ ọ.

"Ó fẹ́ bá mi gbọn aṣọ ni!" Timothy ń nu omijé ẹ̀rín. "Ẹ kú iṣẹ́ ìmọ́tótó o, Agbọnyẹ̀pẹ̀!"

Kọ́ládé kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀wà ni mo ní kí o mú wá," ó ní, "o mú òkúta mọ́ ọn. Lọ ṣà á kúrò tàbí kí o lọ wá ìjà mìíràn. Ìwọ àti Timothy ló kù. Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, ẹni tó bá borí nínú yín ló ń bá mi lọ sí Èkó."

Adésọjí kò dúró de ọjọ́ Àìkú. Ó dé Ìṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, ìbínú ló gbé e dé ibẹ̀.

"Màmá, òfin yín ti fẹ́ gba àyè mi."

Ó ṣàlàyé. Màmá rẹ́rìn-ín títí tó fi di ògiri mú. Nígbà tó ṣe, ẹ̀rín náà dúró, Màmá wá fajú ro.

"Dúró ná. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti kan ulẹ̀?"

"Ó kàn án pátápátá."

"Ó sì ṣì ń jà?"

"Bí wọ́n ṣe ń jà á nìyẹn, Màmá. Orí ilẹ̀ gan-an ni wọ́n ń pa ara wọn."

"Kí wá ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀?"

Adésọjí gbìyànjú láti fi ẹnu sọ ọ́. Kò yé e. Obìnrin náà wo ilẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tó wá rí i pé ilé tí òun ti ń gbé látọjọ́ yìí ní yàrá kan tí òun kò wọ̀ rí. Lẹ́yìn náà ló gba gèlè mọ́ àyà, ó sì dùbúlẹ̀ gbalaja.

"Láti kékeré mi, ibí ni gbogbo rẹ̀ ti ń parí. Fi hàn mí. Kí ló wà lẹ́yìn rẹ̀?"

Ojú ti Adésọjí. Ó kúnlẹ̀ tì í, ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń tẹ ènìyàn mọ́lẹ̀, bí onítọ̀hún ṣe ń wá ọ̀nà láti dìde.

"Ẹ gbìyànjú kí ẹ dìde, Màmá."

Ó yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi ìgbọ̀nwọ́ ti ilẹ̀, ó jókòó. Ara Adésọjí sì ti kọ́ ohun tó kọ́: ó ti lọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó ti kúnlẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti wà lọ́rùn Màmá níbi tí gbígbọ̀n ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ó dúró. Kò gbọn ohunkóhun. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Kí ló dé?" ni Màmá béèrè.

"Ẹ̀yìn yín ni mo wà."

"Níbo lo tún fẹ́ wà? Ta ló ń ti iwájú gbọn ẹ̀yìn ènìyàn?"

"Màmá, ẹni tó bá wà níbí yìí, ìjà ti di tirẹ̀. Òun ni gbogbo wọn ń wá." Ó rọra fi apá rẹ̀ yí ọrùn Màmá ká, láìfún un, ó sì tètè mú un kúrò. "Ibi tí wọ́n ti ń fún-ni-lọ́rùn nìyí."

Ẹyẹ kan ń ké nínú oko kòkó. Obìnrin náà dìde fúnra rẹ̀, ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó gbọn ibi tí ọwọ́ rẹ̀ lè dé.

"Ọwọ́ tí a fi ń parí ùjà nìyẹn," ó ní. "Ìwọ lo rí ohun tó o rí. Kì í ṣe èmi ni mo fi hàn ọ́. Ibi tí mo mọ̀ ọ́n dé, mo ti mú ọ dé ibẹ̀."

Adésọjí fẹ́ sọ pé ohun tí òun wá gan-an nìyẹn, ìpìlẹ̀. Pé ẹni tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ kọ́ ló ń yan ohun tí wọn yóò kọ́ sórí rẹ̀. Kò sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà tọ̀nà, ó sì le, kò sì fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ara rẹ̀.

Òjò rọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Òórùn adìẹ kún ilé. Timothy wọlé, ó gbé ìgbálẹ̀ kan dání.

"Agbọnyẹ̀pẹ̀, mo bá ọ gbé irinṣẹ́ wá!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Timothy ti kọ́gbọ́n. Kò ju ẹ̀ṣẹ́ jìnnà, ó ń gbá Adésọjí lójú díẹ̀díẹ̀. Àmì dúdú tó wà lójú Adésọjí mú kí ẹ̀ṣẹ́ òsì náà máa ti inú òkùnkùn yọ sí i. Ètè rẹ̀ ya. Ó rántí pé ojú ń purọ́, ó sọ ojú sílẹ̀, ó ń wo ìbàdí Timothy. Kò pẹ́ tí gìgísẹ̀ ọ̀tún Timothy fi kúrò nílẹ̀ díẹ̀. Timothy kò mọ̀ pé òun gbé e. Adésọjí dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ó dá a.

Ó fi í sílẹ̀. Àwọn tó ń wò hó, wọ́n rò pé ó tún ti gbàgbé. Timothy náà rò bẹ́ẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó fi ìgbọ̀nwọ́ ti máàtì láti jókòó. Adésọjí kò sí níwájú rẹ̀ mọ́. Ọwọ́ kan bọ́ sí i lọ́rùn láti ẹ̀yìn, ó gbọ̀n ọ́n dé ìbàdí lẹ́ẹ̀kan, wéré, bí ìyá ṣe ń gbọn ọmọ tó ń lọ sílé-ìwé. Lẹ́yìn náà apá yí ọrùn náà ká, ó sì dì. Timothy fi ọwọ́ gbá máàtì.

"Ó tó," ni Kọ́ládé wí, ní ohùn Ìkẹ́rẹ́ gidi. "Ó tó, ó tó. Adésọjí ló ń lọ."

Timothy jókòó, ó ń wúkọ́. Adésọjí kò dìde kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń gbọn ẹ̀yìn rẹ̀ láti ọrùn dé ìbàdí, ó tún padà sí ọrùn.

"Kí lò ń gbọ̀n?" Timothy béèrè, ohùn rẹ̀ ti ha. Kò ṣàwàdà lọ́tẹ̀ yìí. Ó fẹ́ mọ̀. "Orí rọ́bà la wà. Kò sí iyẹ̀pẹ̀ kankan."

Adésọjí gbé ìgbálẹ̀ náà fún un, ó sì fà á dìde.

Nígbà tí òjò dá, ó pe Màmá Ìṣẹ́. Ní abà, orí òkìtì ọ̀gán kan ni fóònù ti ń gbọ́ràn dáadáa, ó sì pẹ́ kí Màmá tó gùn ún.

"Wọ́n mú mi, Màmá."

"Ó dáa." Ó ń mí. "Ṣé o gbọn ẹ̀yìn rẹ̀?"

"Mo gbọ̀n ọ́n."

"Kí o tó fún un lọ́rùn ni, àbí lẹ́yìn tó o fún un?"

Adésọjí wo ọwọ́ rẹ̀. "Ìgbà méjèèjì."

"Ìgbà àkọ́kọ́ yẹn, irọ́ ni," ni Màmá wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Ó dáa." Ohùn rẹ̀ yí padà, ó di ohùn ẹni tó ń yí kòkó tó ń wá èyí tó bàjẹ́ nínú rẹ̀. "Gbọ́. Yà síbí kí o tó lọ sí Èkó. Látìgbà tó o ti lọ ni mo ti ń jókòó sílẹ̀ tí mò ń rò ó. Ẹni tí wọ́n bá mú bẹ́ẹ̀ yẹn láti ẹ̀yìn, báwo ló ṣe ń jáde?"

Adésọjí ya ẹnu láti dáhùn, ló bá rí i pé òun kò mọ̀.

"Màmá, màá wá lọ́la."

"Má sọ fún mi pé lọ́la tí o bá mọ̀ pé ọdún mẹ́rin ni."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bọ́ọ̀sì tó kọ́kọ́ kúrò ní Ìkẹ́rẹ́ ló bá dé Ìṣẹ́.